Orí Keje: Mímú Bíréèkì 911 Àtijọ́ Lágbára Sí I

Gbogbo ẹni tó bá ń fi ọkọ̀ akẹ́rù ṣòwò nílẹ̀ wa ló mọ 911. Òun ni wọ́n fi ń kó gẹdú jáde nínú igbó, òun ni wọ́n fi ń gbé iyanrìn, òkúta, iṣu àti gàrí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lé ní ogójì ọdún lójú títì, wọn kò sì tíì fẹ́ kúrò níbẹ̀, nítorí ẹ́ńjìnnì wọn kì í tètè kú, ẹ̀yà ara wọn sì pọ̀ lọ́jà. Ẹni tó bá ra ọ̀kan lónìí á kọ́kọ́ tún ẹ́ńjìnnì ṣe, á kun ún lọ́dà, á pààrọ̀ táyà, á sì ní kí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àdúrà sí iwájú orí rẹ̀. Bíréèkì ló máa ń kẹ́yìn. Nínú orí yìí, òun la ó fi ṣáájú.

Ohun tí nọ́ńbà ọkọ̀ náà ń sọ

Nígbà tí ilé iṣẹ́ Mercedes-Benz yí bí wọ́n ṣe ń sọ ọkọ̀ akẹ́rù wọn lórúkọ padà ní 1963, wọ́n jẹ́ kí nọ́ńbà tó ṣáájú dúró fún ìwọ̀n ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ ní tọ́ọ̀nù, èyí tó tẹ̀ lé e sì dúró fún agbára ẹ́ńjìnnì, bí a bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, 911 ni tọ́ọ̀nù 9 àti agbára ẹṣin 110. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án yẹn o: irin rẹ̀, pákó rẹ̀, dírẹ́bà àti ọmọ ọkọ̀, dísù tó wà nínú táǹkì, gbogbo rẹ̀ pátá. Àwọn tó ṣe bíréèkì rẹ̀, tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe é.

Ìdí tó fi yẹ kí ẹ mọ èyí ni pé bíréèkì kì í kàn di táyà mú. Ó ń sọ eré ọkọ̀ di ooru ni. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra ara wọn kíkankíkan, ẹ ó mọ ohun tí mò ń wí. Bí ẹrù bá ṣe pọ̀ tó ni ooru náà ń pọ̀ tó. Ti eré tún wá burú jù ú lọ: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọkọ̀ tó wọn tọ́ọ̀nù 15, tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan, bó bá fẹ́ dúró, ooru tí bíréèkì rẹ̀ máa gbà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 9 tó ń sá 60. Kò sí láínì bíréèkì tí ẹ lè rà ní ọjà Ládípọ̀ tàbí ní Gate n'Ìbàdàn tó lè dí àlàfo yẹn. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ sórí ìwọ̀n pẹ̀lú ẹrù tó máa ń gbé gan-an, kì í ṣe èyí tí ẹ ń sọ fún ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni òwò yín ń fẹ́, 911 kọ́ ni ọkọ̀ yín. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò dùn ún gbọ́ létí ẹni tó ti sanwó ọkọ̀, ṣùgbọ́n òun ni òtítọ́ tí gbogbo ìyókù orí yìí dúró lé.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ọkọ̀ agbépo kan já lórí Afárá Ọ̀tẹ́dọlá, ní ojú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ìròyìn tó jáde ni pé bíréèkì ló kọṣẹ́. Ọkọ̀ tó lé ní àádọ́ta jóná, àwọn ènìyàn sì kú sínú ọkọ̀ tiwọn, àwọn tí kò mọ ohunkóhun nípa bíréèkì ọkọ̀ ẹlẹ́ni. Nítorí irú wọn ni mo ṣe ń kọ èyí.

Ohun tó wà lábẹ́ ọkọ̀

Dúróòmù ló wà lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin 911. Nínú dúróòmù kọ̀ọ̀kan, ṣúù wà tó tẹ̀ kọrọdọ, láínì sì wà lára rẹ̀. Sílíńdà kékeré tó kún fún epo bíréèkì ló ń ti ṣúù síta kí láínì lè ra mọ́ inú dúróòmù. Láti inú máásítà ni epo yẹn ti ń wá. Níwọ̀n bí ẹsẹ̀ ènìyàn kò ti lè dá tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án dúró, atẹ́gùn láti inú táǹkì ń ti dírẹ́bà lẹ́yìn nípasẹ̀ bọ́ọ̀sìtà. Nítorí náà, bíréèkì 911 kì í ṣe ti atẹ́gùn gbáà bíi ti tírélà, kì í sì í ṣe ti epo nìkan bíi ti ọkọ̀ kékeré. Àwọn méjèèjì ló jọ ń ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá tán, epo ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dà á le koránkorán, dírẹ́bà á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde dúró lé e lórí kí ọkọ̀ tó gbọ́. Bí epo bá ló tán, atẹ́gùn kò lè ṣe nǹkan kan, nítorí kò sí ohun tó máa gbé agbára rẹ̀ dé ẹsẹ̀ táyà.

Dúróòmù ní àǹfààní kan tí àwọn ènìyàn kì í rántí: bó ṣe ń yí, ó ń fa ọ̀kan nínú àwọn ṣúù mọ́ra, agbára tó ń ti ibẹ̀ jáde á sì ju èyí tí ẹsẹ̀ fi ránṣẹ́ lọ. Àléébù rẹ̀ ni ooru. Irin dúróòmù máa ń fẹ̀ bó bá gbóná, ó sì ń sún kúrò lọ́dọ̀ ṣúù. Láínì náà, bó bá gbóná kọjá ibi tó yẹ, kì í di irin mú mọ́. Dírẹ́bà tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè pẹ̀lú ẹrù, tó sì ń tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, á rí i pé pẹ́dà tó gbà á dáadáa ní ìtẹ̀ àkọ́kọ́ ti ń jìn sí i ní ìtẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Bó bá dúró kí ó tutù, bíréèkì á padà wá, mẹkáníìkì á yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì ní rí àléébù kankan. Irú ìyẹn ló ń jẹ́ kí wọ́n ní ayé ló ń ṣe é.

Ẹ tún wo máásítà dáadáa. Bó bá jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo ni epo ti ń jáde lára rẹ̀ lọ sí gbogbo ẹsẹ̀ táyà, ọ̀nà kan ni bíréèkì yín ń gbà. Hóòsì kan tó bẹ́ lẹ́sẹ̀ ọ̀tún iwájú ti tó láti gba bíréèkì lọ́wọ́ gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bó bá jẹ́ ibi méjì ni epo ti ń jáde, tí agolo epo rẹ̀ sì pín sí méjì, ẹ ti bọ́ nínú ewu tó tóbi jù lọ.

Ẹ kọ́kọ́ dá a padà sí bó ṣe wà

Ọ̀pọ̀ ẹni tó sọ pé bíréèkì 911 kò lágbára kò tíì fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì 911 tó pé rí. Ohun tí wọ́n mọ̀ ni ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì àbọ̀ ṣiṣẹ́. Nítorí náà, kí ẹ tó fi ohun tuntun kún un, ẹ dá èyí tó wà níbẹ̀ padà.

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ fi wẹ́ẹ̀jì dí táyà tó máa wà nílẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ sì fi sitáàǹdì irin gbé e. Jáàkì nìkan kò tó. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò yẹ lábẹ́ ọkọ̀ rárá, nítorí kì í kìlọ̀ kó tó fọ́. Bí dúróòmù bá ṣí, ẹ má ṣe fi atẹ́gùn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fẹ́ eruku inú rẹ̀. Láínì àtijọ́ lè ní asbestos nínú, eruku rẹ̀ sì ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ fi omi rin ín, ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì kó àkísà náà dànù sínú ọ̀rá.

Dúróòmù lẹ máa wọ̀n ṣáájú. Ìwọ̀n tó fẹ̀ jù tí dúróòmù lè dé máa ń wà lára rẹ̀, wọ́n á fi irin tẹ̀ ẹ́ sí i lẹ́yìn tàbí létí. Bó bá ti kọjá ìwọ̀n yẹn, tàbí tí ẹ rí ibi tó sán, irin àlòkù ni, ẹ gbé e fún àwọn tó ń ra irin. Bó bá ní ojú àpá ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀ jù, ẹni tó ní ẹ̀rọ ìgérin lè fá a kó dán, ṣùgbọ́n kí ó fá ti ọ̀tún àti ti òsì dọ́gba. Dúróòmù tí wọ́n ti fá yẹn nílò láínì tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ibí yìí ni iṣẹ́ ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ti ń bàjẹ́: wọ́n á fá dúróòmù, wọ́n á kan láínì lásán mọ́ ṣúù, àárín láínì nìkan ló máa fara kan irin, etí rẹ̀ méjèèjì á wà lófuurufú. Ẹ fi ẹfun kun ojú láínì, ẹ gbé dúróòmù wọ̀ ọ́, ẹ tẹ bíréèkì díẹ̀ kí ẹ sì yí i. Nígbà tí ẹ bá tú u, ibi tí ẹfun ti pa rẹ́ ni ibi tó ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ àárín nìkan, ẹ dá a padà fún ẹni tó ṣe é.

Ríbẹ́ẹ̀tì tó di láínì mú gbọ́dọ̀ jìn wọ inú. Bí láínì bá ti jẹ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ku nǹkan bí mílímítà kan kí ríbẹ́ẹ̀tì yọ orí, àkókò ìpààrọ̀ ti tó. Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wà lórí igi àásù kan náà ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí láínì wọn sì jẹ́ irú kan náà láti ọ̀dọ̀ ẹni kan náà. Láínì tó le lápá kan àti èyí tó rọ̀ lápá kejì á máa fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, ọjọ́ òjò lẹ sì máa mọ bó ṣe lè burú tó.

Lẹ́yìn náà ni rọ́bà. Gbogbo hóòsì tó ti sán, tó ti wú, tàbí tó ti le gbọ́dọ̀ jáde. Ẹ má ṣe ra hóòsì tòkunbọ̀. Dúróòmù tòkunbọ̀ dára bó bá wọn dáadáa, igi àásù tòkunbọ̀ dára, ṣùgbọ́n rọ́bà tó ti gbó ní Jámánì ti gbó náà nìyẹn. Kíìtì rọ́bà inú sílíńdà, tuntun ni kó jẹ́. Bí inú sílíńdà bá sì ti dípatà tó ní ihò wẹ́wẹ́, rọ́bà tuntun kò ní pẹ́ nínú rẹ̀. Ẹ má fi pẹtiróòlù, kẹrosínì tàbí epo ẹ́ńjìnnì fọ rọ́bà bíréèkì, nítorí á wú, á sì há. Epo bíréèkì mímọ́ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Páìpù irin tó gbé epo lọ sẹ́yìn ọkọ̀ náà ń fẹ́ àfiyèsí. Bó bá ti jẹ, páìpù irin tí wọ́n ṣe fún bíréèkì tàbí èyí tí wọ́n fi bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì pò ni kí ẹ rà. Páìpù bàbà pupa tí àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ń lò kò yẹ níbẹ̀. Ó rọrùn láti tẹ̀, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì fi fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe ń mì ni bàbà náà ń le sí i títí á fi sán. Ẹnu páìpù gbọ́dọ̀ bá ihò tó ń wọ̀ mu: bí wọ́n ṣe ń yọ ẹnu páìpù ọkọ̀ Jámánì yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ Amẹ́ríkà, bí ẹ bá sì fi ọ̀kan sínú èkejì, á máa jò bó ti wù kí ẹ fún un tó.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ kọ̀ jálẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá dábàá rẹ̀ lójú ọ̀nà: kí wọ́n pa páìpù ẹsẹ̀ kan tó ń jò, kí ọkọ̀ máa fi mẹ́ta tó kù lọ. Wọ́n á ní kí ẹ fi dé ilé lásán ni. Ọkọ̀ tí wọ́n pa ẹsẹ̀ kan rẹ̀ lónìí, oṣù mẹ́fà sí i ẹ ó tún bá a bẹ́ẹ̀, nítorí ó ṣì ń dúró bí kò bá lẹ́rù. Bákan náà ni omi ọṣẹ tí àwọn kan ń bù sínú máásítà nígbà tí epo bá tán. Omi á hó nígbà tí bíréèkì bá gbóná, á sì dípatà sí gbogbo ohun tó bá fara kàn.

Ní ti epo bíréèkì, ẹ wo nọ́ńbà ara ike rẹ̀. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 205°C, DOT 4 kò gbọdọ̀ hó kí ó tó dé 230°C. Ṣùgbọ́n epo méjèèjì yìí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́, ibi ìhó tí òfin ń retí lọ́wọ́ DOT 3 ti já wálẹ̀ sí 140°C, ti DOT 4 sí 155°C. Nígbà tó bá hó, ìfóòfó ló máa wà nínú páìpù, ìfóòfó sì ń sún kì, kò lè ti ohunkóhun. Pẹ́dà á kan ilẹ̀. Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sábà máa ń ní kí a pààrọ̀ epo yìí ní ọdún méjì méjì. Ní ilẹ̀ olómi bíi tiwa, pàápàá fún ọkọ̀ tó ń gun òkè, ọdún kọ̀ọ̀kan ni mo fara mọ́. Ẹ má sì ṣe da DOT 5, èyí tí wọ́n fi sílíkóònù ṣe, pọ̀ mọ́ wọn láéláé.

Ọ̀nà méjì fún epo

Bó bá jẹ́ pé owó àtúnṣe kan ṣoṣo lẹ ní lẹ́yìn tí ẹ ti dá ọkọ̀ padà sí bó ṣe wà, òun rèé. Ẹ má fi ra dísìkì, ẹ má fi ra bọ́ọ̀sìtà ńlá. Ẹ fi pín bíréèkì yín sí ọ̀nà méjì, kí ọ̀kan máa lọ síwájú, kí èkejì máa lọ sẹ́yìn, tí ọ̀kan kò fi ní mọ̀ bí èkejì bá kú.

Ọ̀nà tó dára jù ni pé kí ẹ wá gbogbo rẹ̀ pọ̀ lára ọkọ̀ kan náà: 911 tàbí 1113 tó jẹ́ pé láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti ṣe é ní ọ̀nà méjì. Máásítà rẹ̀, bọ́ọ̀sìtà rẹ̀, agolo epo rẹ̀, irin tó so pẹ́dà mọ́ ọn, àti iná ìkìlọ̀ inú ọkọ̀, kí wọ́n jọ wá ni. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ìwọ̀n ihò máásítà ló ń pinnu gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù, ìṣirò rẹ̀ sì ń tan àwọn ènìyàn jẹ. Wọ́n rò pé máásítà tó tóbi á mú bíréèkì lágbára. Òdìkejì ni. Bí ẹ bá yọ máásítà oníhò mílímítà 28, tí ẹ fi ti mílímítà 32 rọ́pò rẹ̀, pẹ́dà á le, kò sì ní jìn mọ́, inú yín á dùn pé bíréèkì ti dára. Ṣùgbọ́n agbára tí ẹsẹ̀ kan náà ń rán sínú epo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Máásítà kékeré ló ń fún epo ní agbára púpọ̀, ṣùgbọ́n pẹ́dà á jìn. Ní ti sílíńdà ẹsẹ̀ táyà, ó yí padà: èyí tó tóbi níbẹ̀ ló ń ti ṣúù jù, epo tó ń mu sì pọ̀ jù. Ẹni tó bá ń pààrọ̀ ọ̀kan láìwo èkejì, ìméfò ló ń ṣe.

Ẹ fi bóòtì de máásítà mọ́ ibi tó lágbára. Bí ojú ihò kò bá bá ara wọn mu, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe irin alápapọ̀ tó nípọn, tí bóòtì máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi wẹ́dìn-ìn lẹ máásítà mọ́ ara ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí wọ́n gé irin pẹ́dà kí wọ́n tún un lẹ̀ pọ̀. Àlàfo díẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín irin pẹ́dà àti ọmọ inú máásítà nígbà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí rẹ̀. Bí kò bá sí, epo kò ní ráyè padà, bíréèkì á máa di táyà mú díẹ̀díẹ̀, ẹ ó sì rí èéfín lára táyà kí ẹ tó dé ibi tí ẹ ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ fa atẹ́gùn jáde nínú páìpù. Ẹni méjì ló ń ṣe é. Ẹni òkè á tẹ pẹ́dà, á sì dì í mú. Ẹni ìsàlẹ̀ á tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn sílíńdà, kí epo àti ìfóòfó gba inú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rì sínú epo nínú ìgò. Á dí i padà kí ẹni òkè tó gbé ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó jìnnà jù sí máásítà lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ sí wa ọkọ̀ lápá ọ̀tún, apá òsì ni ìtọ́kọ̀ àwọn ọkọ̀ wa wà, máásítà sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Nítorí náà, ọ̀tún ẹ̀yìn ni àkọ́kọ́, òsì ẹ̀yìn ló tẹ̀ lé e, ẹ wá sí ọ̀tún iwájú, kí ẹ fi òsì iwájú parí. Ẹ má jẹ́ kí epo tán nínú agolo láàárín iṣẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó bẹ̀rẹ̀ látòkè. Epo tó jáde, ẹ má dà á padà.

Kí ẹ tó gbàgbọ́ pé ọ̀nà méjì ni ẹ ní lóòótọ́, ẹ dán an wò ní ìdúró. Ẹ gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Ẹ tú nọ́ọ̀tì atẹ́gùn kan níwájú sílẹ̀, kí ẹnì kan sì tẹ pẹ́dà. Pẹ́dà á jìn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, epo á jáde níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ mú, kí ẹ fi ọwọ́ yí táyà kó má lè yí. Lẹ́yìn èyí, ẹ dí iwájú, ẹ ṣe ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀. Mẹkáníìkì tó bá sọ pé kò sídìí fún ìdánwò yìí, ẹ wá ẹlòmíràn.

Bíréèkì ẹ́ńjìnnì

Èyí ni àtúnṣe tí owó rẹ̀ kéré jù, tí èrè rẹ̀ sì pọ̀ jù fún ọkọ̀ tó ń gun òkè tó sì ń sọ̀, síbẹ̀ òun ni àwọn ènìyàn ń tú dànù. Lára ọ̀pọ̀ 911, bọ́tìnnì kan wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ dírẹ́bà. Bí ó bá tẹ̀ ẹ́, atẹ́gùn á ti ìlẹ̀kùn kékeré kan nínú páìpù èéfín, dísù á sì dá. Ẹ́ńjìnnì tí kò rí ibi fẹ́ èéfín sí á bẹ̀rẹ̀ sí fa ọkọ̀ sẹ́yìn. Kò lo láínì, kò mú dúróòmù gbóná. Bí ìlẹ̀kùn náà bá ti há nítorí ọ̀dá èéfín, ẹ tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ wo páìpù atẹ́gùn tó lọ síbẹ̀. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti yọ ọ́, ẹ wá òmíràn lára ọkọ̀ tí wọ́n ń tú tà.

Ṣùgbọ́n kò wúlò fún dírẹ́bà tó ń fi jíà sí fíríì bó bá ń sọ̀ kalẹ̀ kó lè ṣọ́ dísù jẹ. Nínú fíríì, ẹ́ńjìnnì kò ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ mọ́, láínì nìkan ló ń jìyà. Jíà tí ọkọ̀ fi gun òkè náà pẹ̀lú ẹrù ni kó fi sọ̀ ọ́, kí ó sì ti wọ jíà náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀.

Atẹ́gùn gbáà ńkọ́?

Àwọn kan máa ń gbé igi àásù ọkọ̀ tó tóbi ju 911 wọ̀ ọ́, kí bíréèkì rẹ̀ lè di ti atẹ́gùn pátápátá. Ó ṣeé ṣe, àǹfààní gidi sì wà níbẹ̀: sípíríǹgì alágbára ń bẹ nínú ìkòkò bíréèkì ẹ̀yìn, atẹ́gùn ló sì ń dì í mú kó má ṣiṣẹ́. Bí atẹ́gùn bá jò tán, sípíríǹgì á tú, á sì dá ọkọ̀ dúró fúnra rẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ kò ní máa sáré gbé wẹ́ẹ̀jì lẹ́yìn táyà mọ́. Ẹ kò gbọdọ̀ tú ìkòkò yẹn láìjẹ́ pé ẹ ti fi bóòtì rẹ̀ fa sípíríǹgì náà pọ̀. Ó ti pa mẹkáníìkì rí, kò sì ń fún ènìyàn láyè láti sá.

Èrò mi ni pé ẹ má dáwọ́ lé e àfi bí ẹ bá rí ọkọ̀ kan gbáko tí ẹ lè yọ gbogbo rẹ̀ lára rẹ̀: igi àásù méjèèjì, kọ̀mpúrẹ́sọ̀, àwọn táǹkì, gbogbo fáàfù. Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ kékeré 911 kò tó fún un, fáàfù tí wọ́n ṣà jọ láti ara ọkọ̀ mẹ́rin kì í sì í bára wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ṣe é gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ ojoojúmọ́ ti wọlé: kí a máa tú omi inú táǹkì dànù, kí a sì máa wo bí irin tó ń jáde nínú ìkòkò bíréèkì ṣe ń gùn tó. Fún ìkòkò tí wọ́n ń pè ní 30, bó bá ti ju íǹṣì méjì lọ, bíréèkì ẹsẹ̀ yẹn ti tú jù, ó sì yẹ kí ẹ fún un. Ìdí nìyẹn tí Amẹ́ríkà fi pàṣẹ láti 1994 pé kí ọkọ̀ tuntun oníbíréèkì atẹ́gùn máa ní sílákì àjọ́sítà (apá irin tí irin ìkòkò bíréèkì ń tì) tó ń fún ara rẹ̀. Bí ẹ bá ń ra igi àásù, èyí tó ní irú rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Dísìkì, ẹ̀wẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ wà lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́ ju 911 lọ. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, ó tètè ń tutù, omi kì í dúró sí i lára. Ṣùgbọ́n kò ní agbára tí dúróòmù ń fa fúnra rẹ̀, nítorí náà ó nílò epo tó ń ti jù. Ẹni tó bá gbé dísìkì síwájú píkọ́ọ̀pù gbọ́dọ̀ pààrọ̀ máásítà àti bọ́ọ̀sìtà pẹ̀lú rẹ̀, kí ó sì fi fáàfù dín ti ẹ̀yìn kù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ táyà ẹ̀yìn á há nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo, ọkọ̀ á sì yí po.

Ìdánwò

Ẹ fún kọ̀mpúrẹ́sọ̀ láyè kó kún táǹkì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ kí ẹ sì wo géèjì. Fún ọkọ̀ oníbíréèkì atẹ́gùn tí kò fa tírélà, àwọn tó ń gba ìwé ìwakọ̀ akẹ́rù ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ fi hàn pé ohun tó jò kò ju psi 3 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ó yẹ kí 911 yín lè dé ibẹ̀ pẹ̀lú. Pẹ́dà kò gbọdọ̀ máa rì lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ẹ wá gbé e lọ sí pápá, láìlẹ́rù, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní eré ìrìn ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà ní 20, lẹ́yìn náà ní 40. Láínì tuntun kò ní mú dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó ní láti bá ojú irin mu. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ níwọ̀nba láti 50 wálẹ̀ sí 20, kí ẹ sì máa jẹ́ kó tutù láàárín, bí ogún ìgbà. Lẹ́yìn èyí, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹ̀bá dúróòmù kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó tutù kò ṣiṣẹ́. Èyí tó gbóná ju àwọn yòókù lọ fíìfíì ń há. Ẹ tún wọn ṣe kí ẹ tó gbé ẹrù sí i. Ẹrù àkọ́kọ́, ìdajì ni kó jẹ́, kí ó má sì gba ọ̀nà olókè.

Dírẹ́bà ló kù. Òun ló mọ bí pẹ́dà ṣe rí láàárọ̀ àti bó ṣe rí ní ìrọ̀lẹ́, kò sì sí ẹ̀rọ kan lára 911 tó lè sọ ọ́ fún yín ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀, ẹ jọ̀wọ́, bí ó bá sọ fún yín pé bíréèkì ti ń jìn, ẹ má ní kó kọ́kọ́ já ẹrù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ ní kó dúró síbi tó wà, kí ẹ sì rán mẹkáníìkì lọ bá a.